Ìka mẹ́ta tí bàbá ẹ̀ pàdánù ò jẹ́ kó sùn: Bàbá Ìbejì, ọmọ ọdẹ Ṣakí tó fẹ́ ra ìbọn àgbọ̀nrín l'Amẹ́ríkà

Ọ̀rọ̀ ìbọn ló dá wàhálà sílẹ̀ láàárín Bàbá Ìbejì àti ìyàwó ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nínú ilé wọn lẹ́yìn ìlú Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, l'Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ìbọn tí wọ́n fi ń jà o, kì í sì í ṣe ti adigunjalè. Ìbọn ọdẹ ni, èyí tí ọkùnrin náà fẹ́ máa fi pa àgbọ̀nrín lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ṣùgbọ́n bó ṣe dárúkọ ẹ̀ báyìí, ńṣe ni Ìyá Ìbejì gbé ṣíbí ọbẹ̀ kalẹ̀, ó wo ojú ọkọ ẹ̀, ó ní: "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ti gbàgbé ọwọ́ Bàbá ni?"

Ẹni tí ò bá mọ ìtàn ọwọ́ Bàbá lè máa rò pé obìnrin náà kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí ọkọ ẹ̀ lọ́nà ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọmọ Ṣakí ni Bàbá Ìbejì, ní Òkè-Ògùn, ọmọ ọdẹ paraku sì ni. Bàbá tó bí i mọ igbó bí ẹní mọ ẹ̀yìnkùlé ara ẹ̀. Ìbọn kan wà lọ́wọ́ bàbá náà nígbà yẹn tó dáa gan-an, ògbóǹtarìgì alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, kò sì já a kulẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1989, ọmọ yìí yege ìdánwò láti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, owó ò sì sí nílé. Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ló bá ta ìbọn rere ọwọ́ ẹ̀, ó fi san owó ilé ìwé ọmọ.

Ọdẹ ò sì lè máà níbọn. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, bàbá lọ ra ṣakabùlà olówó pọ́ọ́kú kan lọ́wọ́ ẹnìkan tí wọn ò mọ̀ dáadáa. Páìpù omi ni wọ́n fi ṣe ẹnu ẹ̀. Òru ọjọ́ kejì tó gbé e dégbó, ó tan iná mọ́ ẹran lójú, ó yìn ín, ṣùgbọ́n dípò kí ọta gba ẹnu ìbọn jáde, ńṣe ni páìpù bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìka mẹ́ta ló bá a lọ ní ọwọ́ òsì. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n gbọ́ igbe, ibẹ̀ ni ì bá kú sí.

Nígbà tó tọsibítù dé, ó pe ọmọ ẹ̀ sí yàrá, ó ní kó ṣèlérí pé òun ò ní gbébọn láyé òun, ìwé ni kó gbájú mọ́. Ọmọdé náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá. Mi ò ní gbébọn." Bàbá ọ̀hún kú lọ́dún 2009. Títí tó fi kú, ìka méjì ló kù lọ́wọ́ òsì tó fi ń di abọ́ mú.

Ìlérí yìí ni Ìyá Ìbejì rán ọkọ ẹ̀ létí. Òun fúnra ẹ̀ tún ní tiẹ̀ lọ́kàn: nọ́ọ̀sì ni, ibi tí wọ́n ti ń gba àwọn tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sí ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti rí ọmọ tí wọ́n gbé wá nítorí pé ó bá ìbọn bàbá ẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ṣeré. Àwọn ìbejì wọn, ọkùnrin méjèèjì, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n, kò sì sí kọ̀rọ̀ tí wọn kì í tú nínú ilé.

Báwo wá ni ọ̀rọ̀ ìbọn ṣe wọlé? Òyìnbó àgbàlagbà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fà á. Ọkùnrin náà ní oko sí apá gúúsù Georgia, àgbọ̀nrín sì ń wọ oko ẹ̀ jẹ ẹ̀wà sóyà bíi pé àwọn ló gbìn ín. Ọdún méjì léraléra ló mú Bàbá Ìbejì dání lọ síbẹ̀. Kò gbébọn, ó kàn bá a jókòó lórí àga gíga tí wọ́n so mọ́ igi ni, irú ibi tí àwọn ọdẹ nílé máa ń gùn láti dẹ̀gùn de ẹran. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, tí ìrì ń kán, tí òórùn ewé tútù ń fẹ́ sí i nímú, omi lé sí ọkùnrin náà lójú. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti kúrò nígbó, kò mọ̀ pé igbó ò tíì kúrò lára òun.

Ṣùgbọ́n ọdẹ ọ̀hún kì í ṣe ọdẹ Ṣakí o. Ní Georgia, ẹni tí wọ́n bá bí láti January 1, 1961 síwájú gbọ́dọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ, kó yege, kó tó gba ìwé àṣẹ. Iná tí bàbá ẹ̀ ń tàn mọ́ ẹran lójú lóru, ẹ̀ṣẹ̀ ni fún ẹni tó ń dẹ àgbọ̀nrín níbẹ̀. Láti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ, títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn tó bá wọ̀, ni òfin fàyè gbà. Lásìkò ìbọn, ọdẹ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò lókè ìbàdí, kí ọdẹ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ má baà ṣì í mú fún ẹran. Tó bá pa á, ó gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí láàárín wákàtí 24, kò sì gbọdọ̀ ta ẹran náà fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Ìbejì kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ó yege. Ìbọn ló kù.

Owó ìbọn gan-an ni wàhálà. Òrùlé ilé ìyá ẹ̀ ní Ṣakí ń jò, oṣooṣù ló sì ń fowó ránṣẹ́ sílé. Dọ́là 700 péré ló yà sọ́tọ̀, kò sì fẹ́ kó lé. Àbí ẹni tó ń lọ sígbó lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí ló fẹ́ fi ìbọn ẹgbẹ̀rún méjì dọ́là ṣe?

Òyìnbó ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò tàn án jẹ. Ó ní tó bá jẹ́ ti owó nìkan ni, kó lọ ra bolt-action, ìyẹn ìbọn tí wọ́n ń fa irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sẹ́yìn kí ọta tó wọlé. Tuntun ẹ̀ wà tí ò tó dọ́là 500, ọta ẹ̀ sì máa ń lọ jìnnà ju ti lever-action lọ. Àmọ́ igbó oko náà dí. Láàárín àwọn igi páìnì yẹn, ẹran tí wọ́n ń rí kì í sábà jìn ju 100 yáàdì lọ. Irú ibẹ̀ ni lever-action ti ń pé èèyàn: ó kúrú, ara ẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ju nǹkan bíi páùn méje lọ, ọwọ́ kan sì tó láti gbé e rìn nínú igbó. Irin róbótó kan wà lábẹ́ ẹ̀ tí wọ́n ń ki ìka bọ̀. Tí wọ́n bá tì í sísàlẹ̀, tí wọ́n tún fà á padà, èèpo ọta tó ti jó á fò jáde, òmíràn á bọ́ sípò ẹ̀.

Ohun kan wà tí Bàbá Ìbejì ò sọ fún òyìnbó náà. Irin ẹ̀yìn ìbọn yìí, èyí tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò fà sẹ́yìn kí wọ́n tó yìn ín, ó jọ ti ṣakabùlà bàbá ẹ̀. Ìgbà tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ní ṣọ́ọ̀bù, ńṣe ni ara ẹ̀ bù máṣọ.

Ìbọn yìí ti pẹ́ láyé. Ọdún 1894 ni ilé iṣẹ́ Winchester gbé èyí tó lókìkí jù lọ nínú wọn jáde, John Browning ló ronú ẹ̀. Lọ́dún 1895 ni ọta .30-30 dé, òun náà ni ọ̀pọ̀ ọdẹ àgbọ̀nrín ṣì ń lò di òní olónìí. Marlin gbé 336 tiẹ̀ jáde lọ́dún 1948. Bàbá Ìbejì rò pé ohun tó ti pẹ́ tó báyìí á ti wálẹ̀ lówó. Ẹ̀rín ni wọ́n fi rín in ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé iṣẹ́ Winchester tó wà ní New Haven ti kógbá sílé lọ́dún 2006, Japan ni wọ́n ti ń ṣe Winchester 94 báyìí, owó gidi sì ni wọ́n ń tà á. Marlin bọ́ sọ́wọ́ Remington, nígbà tí Remington kó sí gbèsè, Ruger ra Marlin lọ́dún 2020, ó sì dá 336 padà sọ́jà lọ́dún 2023, ṣùgbọ́n tuntun ẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là. Henry, tó bẹ̀rẹ̀ ní Brooklyn lọ́dún 1996, dáa lójú, àmọ́ iye tiẹ̀ náà ò jìnnà sí ìyẹn. Rossi R95 tí wọ́n ń ṣe ní Brazil ló rọjú jù nínú àwọn tuntun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà, síbẹ̀ ó ju 700 ọwọ́ ẹ̀ lọ.

Ìyẹn ni pé tòkunbọ̀ ló kù. Ọmọ Yorùbá wo ni ò sì mọ tòkunbọ̀?

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó ọ̀rẹ́ ẹ̀ jókòó tì í, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ra àlòkù. Ó ní àwọn tó mọ Marlin máa ń wo àmì JM lára irin ẹnu ìbọn, nítorí òun ló ń fi hàn pé ilé iṣẹ́ Marlin àtijọ́ ló ṣe é, kí Remington tó gbà á. Ó ní kó kọ́kọ́ ṣí ìbọn náà, kó fojú rí i, kó sì fìka kàn án pé kò sí ọta nínú ẹ̀. Kó tan iná sínú ẹnu ẹ̀, kó wò ó bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Kó wo ibi tí igi ìdí ẹ̀ ti pàdé irin bóyá ó ti sán. Kó wo orí àwọn ìdè: tí orí ìdè bá ti bó, ẹni tí ò mọṣẹ́ ló ti tú u rí. Kó fi àtàǹpàkò fa irin ẹ̀yìn dé àárín, kó wò ó bóyá ó ń dúró níbẹ̀ láìyẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọta ló gba Bàbá Ìbejì létí jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìbọn yìí, ọta máa ń tò tẹ̀ léra wọn nínú ọ̀pá kan lábẹ́ ẹnu ìbọn, imú tẹ̀yìn á dojú kọ ìdí tiwájú. Tí imú ọta bá mú ṣóńṣó, tó sì le, tí ìbọn bá ta èèyàn sẹ́yìn, imú yẹn lè gún ìdí èyí tó wà níwájú ẹ̀, kó sì bú gbàù nínú ọ̀pá níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí imú ọta .30-30 fi máa ń pẹlẹbẹ. Ní bíi ogún ọdún sẹ́yìn, Hornady gbé òmíràn jáde tí imú ẹ̀ mú àmọ́ tó rọ̀ bíi rọ́bà, ìyẹn náà ò léwu níbẹ̀. Bí òyìnbó náà ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ òsì tirẹ̀ ni Bàbá Ìbejì ń wò.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni ìdánwò dé. Ẹnìkan ní ọ̀kan lọ́wọ́, lever-action ni, ọta .30-30 ló ń gbà, dọ́là 300 péré ló fẹ́ tà á. Bàbá Ìbejì ṣírò ẹ̀: 400 tó bá ṣẹ́ kù, á ra páànù díẹ̀ sí òrùlé ìyá ẹ̀. Ó lọ wò ó. Ó dán lókèèrè. Ṣùgbọ́n ìpẹtà wà nínú ẹnu ẹ̀, igi ìdí ẹ̀ sì ti sán, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ẹni tó ń tà á ní ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, ìlà kékeré lásán ni. Bàbá Ìbejì ní òun á padà wá lọ́la. Lóru ọjọ́ náà, kò sùn. Bó bá ti dijú, òórùn ẹ̀tù ló ń gbọ́.

Nígbà tó di aago mẹ́ta òru, tí ilẹ̀ ti mọ́ ní Ṣakí, ó pe àbúrò bàbá ẹ̀ lórí fóònù, bàbá tó jẹ́ olórí ọdẹ ládùúgbò wọn. Ó kí i tán, ó rò fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, ìlérí, owó àti ìlà kékeré ara igi yẹn. Bàbá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ìlérí tó o ṣe, o ṣe é, mi ò lè bá ẹ tú u. Ṣùgbọ́n èmi ni mo pọn bàbá ẹ sẹ́yìn jáde nínú igbó lọ́jọ́ yẹn. Ṣé o mọ ohun tó ń sọ lójú ọ̀nà? Kò sọ pé ìbọn ò dáa. Ohun tó ń sọ ni pé, 'Mo mọ̀, mo mọ̀.' Ó ti rí i pé páìpù yẹn sán díẹ̀ nídìí kó tó gbé e jáde nílé. Ó rí i, ó sì gbé e, nítorí pé òun ni owó ọwọ́ ẹ̀ ká. Kò sọ fún ẹ nítorí kó o má baà rò pé owó ìwé ẹ ló gé òun níka. Tó o bá fẹ́ ṣe ohun tí bàbá ẹ ò fẹ́ lóòótọ́, lọ ra ìbọn tí ọkàn ẹ ti sọ fún ẹ pé kò dáa."

Ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ló sunkún bí ọmọdé lórí àga ní pálọ̀. Ìyá Ìbejì jí, ó bá a níbẹ̀, ó gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bàbá fúnra ẹ̀. Bàbá ò sì ṣàì fi àwàdà kún un. Ó ní tó bá ti ra tiẹ̀ tán, kó di ọ̀kan sínú ẹrù ránṣẹ́ sí òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà àti ti Nàìjíríà ni mò ń wò yẹn. Òfin ò gbà á." Bàbá ní, "Kí lo wá fẹ́ fún mi?" Wọ́n fi í sí bàtà òjò.

Láti òru ọjọ́ yẹn, ìyàwó ò jà mọ́, ṣùgbọ́n ó fi àdéhùn lélẹ̀. Àkọ́kọ́, kọ́bọ́ọ̀dù irin gbọ́dọ̀ dé kí ìbọn tó dé, ọwọ́ òun ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ á sì máa wà. Ìkejì, ọta ò ní bá ìbọn gbé yàrá kan náà. Ìkẹta, àwọn ọmọ ò ní fojú kàn án títí wọ́n á fi tó ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ọdẹ. Ìkẹrin, àwọn méjèèjì làwọn jọ ń lọ rà á.

Wọ́n jọ lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àlòkù, wọ́n rí Marlin 336 kan, àmì JM wà lára ẹ̀, dọ́là 575. Igi ẹ̀ ti há díẹ̀díẹ̀, àmọ́ kò sán níbì kankan. Bàbá Ìbejì tan iná sẹ́nu ẹ̀, inú ẹ̀ ń dán bíi dígí. Ìyá Ìbejì ló béèrè ìbéèrè tó le jù. Ó ní, "Tó bá ti fa irin yìí sẹ́yìn, tí ẹran wá sá lọ, báwo ló ṣe máa dá a padà tí kò ní yìn?" Ọlọ́jà rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè gidi nìyẹn, nítorí ibẹ̀ ni àtàǹpàkò ti máa ń yọ̀ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Ó fi bọ́tìnì kékeré kan hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn, ó ní àwọn tí wọ́n ṣe kí ọdún 1980 ó lé díẹ̀ tó dé ò ní in. Tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́, kódà bí irin bá yọ̀, kò ní kan ìdí ọta. Ó tún ní kí wọ́n máa dojú ẹnu ìbọn sí ilẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣe é, nítorí bọ́tìnì náà ò ju irin lọ. Ìyá Ìbejì mi orí. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ sanwó."

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé wọ́n kàn gbé e lọ ni, kó má rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Bàbá Ìbejì kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè rẹpẹtẹ lórí fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 4473: ṣé fún ara ẹ̀ ló ń rà á, ṣé wọ́n ti dájọ́ fún un rí, ọmọ ìlú wo ni. Ọlọ́jà wá béèrè nípa ẹ̀ lọ́wọ́ FBI, lábẹ́ ètò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1998. Ọmọ onílùú ni Bàbá Ìbejì báyìí, ó sì kọjá. Kí àwọn tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú físà ìbẹ̀wò tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra o: yàtọ̀ sí àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni ìbọn lọ́wọ́ wọn.

Dọ́là 125 tó ṣẹ́ kù, ó fi ra ọta, ó sì fi dán ìbọn náà wò ní pápá ìyìnbọn títí ọta márùn-ún fi ń wọ inú àwo kékeré kan ní 100 yáàdì. Kò dán jìnnà jùyẹn wò, nítorí kò ní in lọ́kàn láti yìn jìnnà jùyẹn.

Oṣù November ni wọ́n lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, akọ àgbọ̀nrín ńlá kan yọ ní òdìkejì oko, ìwo ẹ̀ rí bí ẹ̀ka igi, ó jìnnà tó 250 yáàdì. Bàbá Ìbejì gbé ìbọn sójú, ó wò ó, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹran náà jẹun tán, ó wọgbó lọ. Òyìnbó ọ̀rẹ́ ẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn lù ú léjìká. Ọjọ́ kejì, kùtùkùtù, abo kan rìn jáde láàárín igi páìnì, kò ju 60 yáàdì lọ, ó fẹ̀gbẹ́ sí i. Ó fa irin sẹ́yìn, ó wo ẹ̀yìn apá ẹ̀, ó yìn ín. Ọta kan péré. Ẹran náà sáré díẹ̀, ó ṣubú.

Bàbá Ìbejì ò hó, kò fò. Ó kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ìbọn náà, ó gbé e lélẹ̀, lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ òsì ẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó ka ìka ẹ̀. Márùn-ún ló pé.

Ìyá Ìbejì ló se ẹran náà, ó fi ata rodo àti ìrú sí i, àwọn ìbejì sì ń lá ìka wọn. Èyí tó kù wọ fírísà. Nígbà tí ọdún yí po, tí àlejò kan láti Ìbàdàn wá jẹun nílé wọn, ó béèrè pé ẹran wo lèyí. Ìyá Ìbejì ní àgbọ̀nrín èṣí ni. Àlejò bú sẹ́rìn-ín, ó ní nílé, tí wọ́n bá sọ pé àgbọ̀nrín èṣí lèèyàn ń jẹ lọ́bẹ̀, èébú ni. Bàbá Ìbejì bu ọbẹ̀ sí i fún un. Ó ní kó jẹun jàre, kò sí èébú níbẹ̀: àgbọ̀nrín èṣí ni lóòótọ́, kọ́kọ́rọ́ sì ṣì wà lọ́wọ́ ìyàwó òun.